Ta Ni Yóò Yan Máàpù? Ẹ̀kọ́ Ìdìbò Láti Inú Géèmù Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ète ẹ̀kọ́ yìí: Nígbà tí olùdìbò tuntun bá ka ẹ̀kọ́ yìí tán, yóò lè ṣàlàyé ìdí tí àwọn ènìyàn mẹ́wàá kan náà fi lè dìbò lórí ọ̀rọ̀ kan náà, tí èsì rẹ̀ yóò sì yàtọ̀ nígbà tí òfin ìkàbò bá yàtọ̀. Yóò sì mọ òfin tí a fi ń ka ìbò tirẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó.

1. Awuyewuye kí eré tó bẹ̀rẹ̀

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, kì í ṣòro láti rí àwọn ọ̀dọ́ mẹ́wàá tí wọ́n kóra jọ síwájú ṣọ́ọ̀bù kan ní Ẹ̀gbẹ́dá tàbí ní Ìkòtún, tí oníkálukú wọn tẹjú mọ́ fóònù ọwọ́ rẹ̀. Márùn-ún wà ní apá kan, márùn-ún wà ní apá kejì; Call of Duty: Mobile ni wọ́n fẹ́ ṣe. Kí ìbọn àkọ́kọ́ tó dún, awuyewuye ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe lórí ẹni tí yóò borí, bí kò ṣe lórí máàpù, ìyẹn pápá tí ìjà náà yóò ti wáyé. Àwọn kan fẹ́ Shipment, pápá kékeré tó kún fún àpótí ẹrù onírin, níbi tí ọwọ́ yíyá ti wúlò ju ìfarabalẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn fẹ́ Standoff tàbí Firing Range, níbi tí àyè wà fún ẹni tó mọ bí a ti ń lúgọ, tó sì lè mú sùúrù kí ó tó yìnbọn.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lásán. Nínú ayò ọlọ́pọ́n, irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ kò sí, nítorí pé ọpọ́n kan náà ni fún gbogbo ènìyàn: ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ọ̀ta àti òpè ń pàdé lórí pápá tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò yàn. Ṣùgbọ́n níbi tí pápá bá ti pọ̀, ẹni tó bá yan pápá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yan ẹni tí yóò borí. Ìdí nìyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe géèmù fi ti ń wá ọ̀nà láti ọdún pípẹ́ tí àwọn àjèjì tó pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì yóò fi lè yan pápá kan láìjà. Ìbéèrè kan náà ni ó wà níwájú gbogbo ìlú tó bá fẹ́ yan olórí: bí ìfẹ́ àwọn ènìyàn bá yàtọ̀ síra, ọ̀nà wo ni a ó gbà sọ wọ́n di ìpinnu kan?

*Àwòrán 1: Ọ̀dọ́ mẹ́wàá lórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù; àwòrán pápá mẹ́ta hàn lókè orí wọn.*

2. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà

Ọ̀nà márùn-ún ni ó gbajúmọ̀ jù lọ láti yan máàpù.

Ọ̀nà kìn-ín-ní: ẹni tó ni yàrá ni yóò yàn. Bí àwọn ọ̀rẹ́ bá ṣí yàrá àdáni nínú Call of Duty: Mobile, ẹni tó ṣí i ni ó ń yan máàpù. Ọ̀nà yìí yá, kò sì gba àríyànjiyàn. Bí onítọ̀hún bá jẹ́ ẹni tó ń ro ti ẹlòmíràn, inú gbogbo ènìyàn yóò dùn. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn mẹ́sàn-án yòókù kò ní ohun tí wọ́n lè ṣe ju kí wọ́n jáde kúrò nínú yàrá náà lọ. Irú èyí wáyé nínú ìjọba pẹ̀lú. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Nàìjíríà, ìgbìmọ̀ tí gómìnà fọwọ́ ara rẹ̀ yàn ni ó ti ń ṣàkóso ìjọba ìbílẹ̀ dípò àwọn tí ará ìlú dìbò yàn. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje, ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé èyí lòdì sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè, pé àwọn tí aráàlú bá dìbò yàn nìkan ni ó gbọ́dọ̀ ṣàkóso ìjọba ìbílẹ̀.

Ọ̀nà kejì: àyípo. Nínú Splatoon 2 ti ilé-iṣẹ́ Nintendo, a kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè. Pápá méjì ni géèmù náà máa ń gbé kalẹ̀ fún irú eré kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn wákàtí méjì, yóò kó wọn kúrò, yóò sì gbé méjì mìíràn wá. Ire rẹ̀ ni pé kò sí pápá tí a ó gbàgbé, kò sì sí ẹni tó lè fi ariwo gba ipò. Àléébù rẹ̀ ni pé bí gbogbo ènìyàn bá kórìíra pápá kan pàápàá, yóò ṣì yípo dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ọ̀nà kẹta: ìbò, kí èyí tó bá pọ̀ jù lọ wọlé. Nínú Halo: Reach, tó jáde ní ọdún 2010, géèmù náà máa ń fi ohun mẹ́ta han àwọn olùkópa nígbà náà kí wọ́n mú ọ̀kan. Ó tún fi ìkẹrin kún un, tó túmọ̀ sí pé olùkópa kò fẹ́ ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí tí ìbò rẹ̀ bá pọ̀ jù ni wọ́n máa ń lò.

Ọ̀nà kẹrin: yíyọ kúrò. Níhìn-ín, a kò béèrè ohun tí ènìyàn fẹ́, ohun tí kò lè gbà ni a béèrè. Nínú Halo 3, tó jáde ní ọdún 2007, bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùkópa bá kọ pápá tí a kọ́kọ́ gbé wá, a máa ń pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà náà. Èyí tó bá tẹ̀lé e ti di dandan. Nínú ìdíje Premier ti Counter-Strike 2, pápá méje ni ó wà nílẹ̀. Ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ yóò yọ méjì, ẹgbẹ́ kejì yóò yọ mẹ́ta, ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ yóò mú ọ̀kan nínú méjì tó kù, ẹgbẹ́ kejì yóò sì yan apá tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó rí gbogbo ohun tó fẹ́ gbà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí a fipá mú wọ ibi tó burú jù lọ fún un.

Ọ̀nà karùn-ún: ìbò pẹ̀lú gègé. Nínú Mario Kart 8, tó jáde ní ọdún 2014, olùkópa kọ̀ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń mú ojú ọ̀nà ìsáré tó wù ú nígbà náà. Géèmù náà kò wá èyí tó pọ̀ jù. Ṣe ni ó ṣẹ́ gègé láàárín gbogbo ohun tí àwọn olùkópa mú. Bí ẹni mẹ́rin nínú mẹ́wàá bá mú ojú ọ̀nà kan, ó ní àǹfààní mẹ́rin nínú mẹ́wàá láti jáde. Bí ẹnìkan ṣoṣo bá mú òmíràn, àǹfààní tirẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́wàá, ṣùgbọ́n kì í ṣe òfo.

3. Ènìyàn mẹ́wàá, ọkàn kan náà, èsì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé ni dáadáa, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́wàá ti Ẹ̀gbẹ́dá yóò dìbò. Mẹ́rin fẹ́ Shipment. Mẹ́ta fẹ́ Standoff. Mẹ́ta fẹ́ Firing Range. Àwọn mẹ́fà tó fẹ́ Standoff àti Firing Range kò fẹ́ràn pápá kékeré rárá. Bí èyí tí wọ́n fẹ́ kò bá wọlé, èkejì rẹ̀ tó láyè ni wọn yóò fara mọ́.

Bí a bá lo ọ̀nà kẹta, Shipment ni yóò wọlé pẹ̀lú ìbò mẹ́rin. Òfin kò tàsé, ìṣirò kò sì yingin. Síbẹ̀, mẹ́fà nínú mẹ́wàá ni yóò ṣeré níbi tí wọn kò fẹ́. Kì í ṣe pé wọ́n kéré. Ìbò wọn ni ó pín sí méjì.

Bí a bá lo ọ̀nà kẹrin, tí a sọ pé kí olúkúlùkù kọ́kọ́ tọ́ka sí èyí tí kò fẹ́ rárá, mẹ́fà yóò tọ́ka sí Shipment, yóò sì kúrò. Yóò wá ku Standoff àti Firing Range, mẹ́ta sí mẹ́ta. Ta ni yóò pinnu? Àwọn mẹ́rin tí Shipment wọn ti lọ ni. Bí inú bá bí wọn, tí wọ́n gbé fóònù wọn sílẹ̀, wọ́n ti fi agbára wọn ṣòfò. Bí wọ́n bá dìbò, ọwọ́ wọn ni ìpinnu wà.

Bí a bá lo ọ̀nà karùn-ún, Shipment ní àǹfààní mẹ́rin nínú mẹ́wàá, àwọn méjì yòókù ní mẹ́ta-mẹ́ta. Bí a bá lo ọ̀nà kejì, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò kàn ní ẹ̀ẹ̀kan láàárín eré mẹ́ta.

*Àwòrán 2: Àpótí mẹ́rin tó ń fi èsì ìbò mẹ́wàá kan náà hàn lábẹ́ òfin mẹ́rin. Nínú àpótí kìíní, Shipment wọlé. Nínú èkejì, Shipment ni a kọ́kọ́ yọ. Nínú ẹ̀kẹta, gègé ni. Nínú ẹ̀kẹrin, àyípo ni.*

Kò sí ẹni tó yí ọkàn padà. Òfin nìkan ni ó yí padà, èsì sì yí tẹ̀lé e. Òfin kọ̀ọ̀kan ń dáhùn ìbéèrè tirẹ̀. Ọ̀kan ń béèrè pé, "Èwo ni àwọn tó fẹ́ ẹ pọ̀ jù?" Òmíràn ń béèrè pé, "Èwo ni àwọn tó kọ̀ ọ́ kéré jù?" Òmíràn sì ń béèrè pé, "Báwo ni ìpín olúkúlùkù yóò ṣe kàn án?" Ẹni tó bá mọ ìbéèrè tí òfin ìlú rẹ̀ ń béèrè ni yóò mọ bí ó ti yẹ kí ó fi ìbò rẹ̀ dáhùn.

Fún eré tí kì í pẹ́, tí a sì ń ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ní ìrọ̀lẹ́ kan, ọ̀pọ̀ ìdí ló wà láti fara mọ́ ìbò pẹ̀lú gègé. Bí ẹni mẹ́fà bá fẹ́ Shipment ní gbogbo ìgbà, tí ẹni mẹ́rin fẹ́ Standoff, òfin "èyí tó pọ̀ jù" yóò gbé Shipment wá ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá, Standoff kò ní í wá rárá. Gègé yóò gbé ọ̀kan wá ní bí ẹ̀ẹ̀mẹfà, yóò sì gbé èkejì wá ní bí ẹ̀ẹ̀mẹrin. Àwọn mẹ́rin náà kò ní í rí ìdí láti kúrò nínú ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ tí àwọn díẹ̀ inú rẹ̀ kò ní ìpín kankan láéláé kì í pẹ́ tú ká.

4. Ojú tó ń wo ìka

Nínú àwọn géèmù kan, bí olùkópa bá ti tẹ ohun tó fẹ́, iye ìbò yóò hàn lójú gbogbo ènìyàn lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó dìbò ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́ sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ẹni tó dìbò kẹ́yìn ti rí ibi tí ẹsẹ̀ pọ̀ sí. Òmíràn yóò tẹ̀lé àwọn tó ń borí nítorí pé kò fẹ́ kí ìbò òun "ṣòfò". Òmíràn yóò sì yí ìbò rẹ̀ padà nítorí pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń pariwo nínú gbohùngbohùn ń wo ohun tó ṣe.

Nàìjíríà ti rí irú èyí rí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1990, nínú ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀, ìlà ni àwọn olùdìbò tò sí ẹ̀yìn olùdíje tí wọ́n fẹ́, a sì ka orí wọn ní gbangba. Ìkàbò náà hàn kedere, ṣùgbọ́n onílé rí ìlà tí ayálégbé rẹ̀ tò sí, ọ̀gá rí ti ọmọ-iṣẹ́, bàbá sì rí ti ọmọ. Lónìí, ọ̀nà tí a ń gbà dì í pa méjèèjì pọ̀: olùdìbò yóò tẹ̀ka sórí ìwé ìbò ní ìkọ̀kọ̀, yóò ká a, yóò sì jáde wá sọ ọ́ sínú àpótí ní gbangba. Ohun tó yàn pamọ́. Pé ó dìbò hàn. Nítorí èyí pẹ̀lú ni INEC, àjọ elétò ìdìbò ti orílẹ̀-èdè, ṣe kọ̀ kí ẹnikẹ́ni mú fóònù wọ àyè ìtẹ̀ka. Ẹni tó ya àwòrán ìwé ìbò rẹ̀ láti fi han ẹni tó fún un lówó ti sọ ìbò ìkọ̀kọ̀ di ìlà ìgbangba, ó sì ti sọ ara rẹ̀ di ọjà.

*Àwòrán 3: Ọ̀dọ́bìnrin kan ń tẹ̀ka lẹ́yìn ìkélé páálí, fóònù rẹ̀ wà nínú báàgì. Àpótí ìbò wà ní gbangba níwájú.*

5. Kí ìbọn tó dún ni a ń sọ òfin

Ká ní àwọn ọ̀dọ́ mẹ́wàá náà dìbò, tí Shipment àti Standoff sì ní ìbò márùn-ún márùn-ún. Bí wọn kò bá ti sọ tẹ́lẹ̀ ohun tí wọn yóò ṣe bí ìbò bá dọ́gba, òfin èyíkéyìí tí ẹnikẹ́ni bá mú wá lẹ́yìn náà yóò dà bí ẹ̀tàn, nítorí pé gbogbo ènìyàn ti mọ ẹni tí òfin náà yóò ṣe lóore. Òfin kan náà, bí a bá sọ ọ́ kí ìbò tó bẹ̀rẹ̀, kò ní í bí ẹnikẹ́ni nínú.

Ìtàn tó tóbi jù lọ nípa ọ̀rọ̀ yìí ní Nàìjíríà ni ti ọdún 1979. Òfin sọ pé olùdíje fún ipò ààrẹ gbọ́dọ̀ ní ìbò tó pọ̀ jù lọ, kí ó sì tún ní ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ 19 ni ó wà nígbà náà. Ìdá méjì nínú mẹ́ta 19 kò bọ́ sí iye tó pé; ó jẹ́ 12 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta. Alhaji Shehu Shagari ni ìbò rẹ̀ pọ̀ jù, ó sì ní ìdá kan nínú mẹ́rin ní ìpínlẹ̀ 12. Ní Kano, tí ì bá jẹ́ ìkẹtàlá, bí ìdá kan nínú márùn-ún ni ó ní.

Ṣé ìpínlẹ̀ 13 ni òfin béèrè, nígbà tó jẹ́ pé a kì í gé ìpínlẹ̀ sí wẹ́wẹ́? Àbí 12 pẹ̀lú ìdá méjì nínú mẹ́ta Kano ti tó? Agbẹjọ́rò Richard Akínjídé dúró lórí èkejì, àjọ elétò ìdìbò ìgbà náà sì kéde Shagari ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tó ṣe ipò kejì, gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fi ìdí ìkéde náà múlẹ̀. Adájọ́ Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́ kọ èrò tirẹ̀ lọ́tọ̀ pé òun kò fara mọ́ ọn. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá, Shagari búra wọlé.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ará ìlú fi ń jiyàn lórí "méjìlá àti ìdá méjì nínú mẹ́ta." Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún olùdìbò tuntun kò sinmi lórí ẹni tó jàre. Ó sinmi lórí àkókò tí a béèrè ìbéèrè náà. Bí a bá ti dáhùn rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tẹ̀ka, ìṣirò lásán ni ì bá jẹ́. Lẹ́yìn tí a ti ka ìbò tán, ó di ọ̀rọ̀ ta ni yóò jẹ ààrẹ.

6. Àlímọ̀ṣọ́ pọ̀, ṣùgbọ́n Àlímọ̀ṣọ́ nìkan kọ́

Irú òfin méjì bẹ́ẹ̀ ni a fi ń yan gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó. Olùdíje gbọ́dọ̀ ní ìbò tó pọ̀ jù lọ, kí ó sì ní ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò tí a dì ní ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ìjọba ìbílẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ 20 ni ìwé òfin orílẹ̀-èdè kà fún Èkó. Ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 13 àti ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹni tó bá sì ti ní ìdá kan nínú mẹ́rin ní ìjọba ìbílẹ̀ 14 ti bọ́ lọ́wọ́ àríyànjiyàn.

Àlímọ̀ṣọ́ wà lára àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí èrò pọ̀ sí jù lọ ní Nàìjíríà. Ètò ìkànìyàn ọdún 2006 pàápàá ka àwọn ènìyàn ibẹ̀ ju mílíọ̀nù kan lọ. Nítorí náà, kò sí olùdíje tó lè fojú di Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndò, nítorí pé ìbò ibẹ̀ pọ̀ nínú àpapọ̀. Ṣùgbọ́n nínú òfin ìtànkálẹ̀, ẹyọ kan nínú 20 ni Àlímọ̀ṣọ́ jẹ́, bí Ẹ̀pẹ́, Badagry àti Ìbẹ́jú-Lẹ́kkí ti jẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Apá àkọ́kọ́ òfin náà ń bọ̀wọ̀ fún iye orí. Apá kejì kò jẹ́ kí àwọn tó pọ̀ gbàgbé àwọn tí kò pọ̀. Ohun tí géèmù ń fi gègé wá, ìtànkálẹ̀ ni ìwé òfin fi ń wá a.

Kì í ṣe gbogbo ipò ni a ń fi òfin ìtànkálẹ̀ yàn. Fún ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ẹni tí ìbò rẹ̀ bá pọ̀ jù lọ ní agbègbè rẹ̀ ti wọlé, bí àwọn mìíràn tó kọ̀ ọ́ tilẹ̀ ju àwọn tó fẹ́ ẹ lọ. Ìtàn Shipment àti ìbò mẹ́rin kò jìnnà síbẹ̀. Níbi tí olùdíje bá ti pọ̀, ó yẹ kí àwọn tí èrò wọn jọra sọ̀rọ̀ pọ̀ kí ọjọ́ ìdìbò tó dé.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń da olùdìbò tuntun láàmú. Láti ọdún 2003, Ìpínlẹ̀ Èkó ti dá agbègbè ìdàgbàsókè 37, tí a mọ̀ sí LCDA, kún ìjọba ìbílẹ̀ 20, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 57. Ìdí nìyí tí ilẹ̀ Àlímọ̀ṣọ́ fi ní mẹ́fà: Àlímọ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀, Agbádó/Òkè-Odò, Àyọ̀bọ̀-Ìpájà, Ẹ̀gbẹ́-Ìdímù, Ìgàndò-Ìkòtún àti Mosan-Okunola. Nínú ìdìbò gómìnà, tí INEC ń ṣe, ẹyọ kan ni mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Nínú ìdìbò alága àti kánsẹ́lọ̀, tí LASIEC, àjọ elétò ìdìbò ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ń ṣe, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń yan tirẹ̀. Ẹni tó ń gbé ní Ìkòtún kò dìbò fún alága kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń gbé ní Ìdímù, bí wọ́n tilẹ̀ ń wọ ọkọ̀ kan náà lọ síbi iṣẹ́.

7. Ibi tí géèmù pin sí

Àfiwé yìí ní ààlà, ó sì ṣe pàtàkì kí olùdìbò tuntun mọ ibi tí ó pin sí.

Lákọ̀ọ́kọ́, eré kan kì í ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ẹni tí máàpù kò tẹ́ lọ́rùn yóò dìbò mìíràn láìpẹ́. Ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ wáyé ní Èkó ní ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún 2017, ní ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 2021, àti ní ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 2025. Ọdún mẹ́rin ni ó wà láàárín wọn. Nítorí èyí ni gègé kò ṣe bá ìlú mu. Gègé a máa ṣe ẹ̀tọ́ nítorí pé a ń ṣẹ́ ẹ lọ́pọ̀ ìgbà. Bí a bá ṣẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún ọdún mẹ́rin, oríire lásán ni.

Èkejì, máàpù kì í jíhìn. Standoff kò ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni. Alága ṣèlérí, ó sì mọ̀ pé àwọn tó dìbò lè kọ òun ní ìgbà mìíràn. Ìbẹ̀rù yẹn jẹ́ ọ̀kan nínú irinṣẹ́ tí ará ìlú ní.

Ẹ̀kẹta, ẹni tí eré kò dùn mọ́ lè jáde kúrò nínú yàrá. Ẹni tó ń gbé ní Ìgàndò kò lè tẹ bọ́tìnì kan kí ó bọ́ kúrò nínú òórùn ààtàn tàbí kí gọ́tà tó dí ṣí fúnra rẹ̀. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ka àwọn iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: ọjà àti gáréèjì ọkọ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbogbòò, kíkó ìdọ̀tí, òpópónà kéékèèké, iná ojú ọ̀nà àti gọ́tà, ìforúkọsílẹ̀ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó, pẹ̀lú ipa nínú ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó tún kà pé ìjọba ìbílẹ̀ ni yóò máa sọ òpópónà lórúkọ, tí yóò sì máa fi nọ́ńbà sára ilé. Ní kúkúrú, ẹni tí a bá yàn sí ìjọba ìbílẹ̀ ni yóò ya máàpù tí gbogbo ará àdúgbò yóò máa gbé nínú rẹ̀.

Ohun kan wà tí ó bá géèmù àti ìlú mu pátápátá: ìka tó tẹ̀ nìkan ni a ń kà. Bí ẹni mẹ́ta péré bá dìbò nínú mẹ́wàá, ìbò méjì ti tó láti yan pápá fún gbogbo wọn. Ní ọdún 2023, orúkọ tó ju mílíọ̀nù 93 lọ ni ó wà nínú ìwé orúkọ olùdìbò Nàìjíríà. Bí mílíọ̀nù 25 ni a ṣàyẹ̀wò fún ní ibùdó ìdìbò lọ́jọ́ ìdìbò ààrẹ. Àwọn yòókù kò yọ ẹnikẹ́ni, wọn kò sì yan ẹnikẹ́ni. Pápá tí àwọn ẹlòmíràn yàn ni wọ́n bá ara wọn.

*Àwòrán 4: Máàpù àdúgbò kan: ọjà, gọ́tà, ilé-ìwé, iná ojú ọ̀nà, nọ́ńbà ara ilé. Ìka kan tó ní tàdáwà wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀.*

Kókó láti rántí

1. Èsì ìbò kò ti ọ̀dọ̀ àwọn olùdìbò nìkan wá. Òfin ìkàbò pẹ̀lú wà níbẹ̀.
2. Kí ìdìbò tó bẹ̀rẹ̀ ni ó yẹ kí gbogbo ènìyàn mọ òfin, kí wọ́n sì gbà á.
3. Ohun tí olùdìbò yàn jẹ́ àṣírí rẹ̀. Kò sí ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti rí i.
4. Gómìnà nílò ìbò tó pọ̀ jù àti ìtànkálẹ̀; ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin nílò ìbò tó pọ̀ jù ní agbègbè rẹ̀.
5. Ọmọ Nàìjíríà tó bá ti pé ọdún 18 lè forúkọ sílẹ̀. Kí ó gba káàdì ìdìbò alálòpẹ́ rẹ̀, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí PVC, kí ó sì mọ ibùdó ìdìbò rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Nínú àpẹẹrẹ ìbò mẹ́wàá, ìmọ̀ràn wo ni ó yẹ kí àwọn mẹ́fà tó fẹ́ pápá tó láyè gbà kí wọ́n tó dìbò?
2. Ká ní ẹni mẹ́wàá bá ara wọn ṣe àdéhùn òfin tí wọn yóò fi máa yan máàpù fún oṣù kan. Kí wọ́n kọ òfin náà sílẹ̀, kí wọ́n sì fi ohun tí wọn yóò ṣe bí ìbò bá dọ́gba kún un.
3. Kí ni ìdí tí òfin fi ní kí gómìnà ní ìtànkálẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ púpọ̀, dípò kí ó gbára lé àwọn ibi tí èrò pọ̀ sí nìkan?
4. Èwo nínú LCDA àti ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà ilẹ̀ Àlímọ̀ṣọ́ ni olùkà kọ̀ọ̀kan ń gbé? Iṣẹ́ wo nínú èyí tí ìwé òfin kà sílẹ̀ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ alága ibẹ̀?